Bátìrì tí Mo Tún Ṣe ní Bùwàké àti Ìdajì Ọ̀nà tí Wọ́n Fún Ìyá Súlè

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ ń bi mí ní ọ̀rọ̀ Kodifuà níbikíbi tí mo bá ti fìdí balẹ̀, mo rò ó títí, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnu mi lè sinmi. Àwọn kan ń bèèrè bóyá òótọ́ ni pé iná wọn kì í lọ. Àwọn kan fẹ́ mọ irú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ. Ìyá mi nìkan ni kò bi mí ní nǹkan kan mọ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ bátìrì ọkọ̀ háíbírììdì ni mò ń ṣe, àwọn ọkọ̀ tó ń lo epo tó tún ń lo iná. Bátìrì tiwọn kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àpótí gbọọrọ kan ni, ẹ̀yìn ìjókòó ni wọ́n máa ń gbé e sí, sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ló sì kún inú rẹ̀. Bó bá ń kú lọ, àwọn mẹkáníìkì mìíràn á ní kí olówó ọkọ̀ lọ ra tuntun tàbí kó ta ọkọ̀ náà ní àlòkù irin. Èmi á ní kó gbé e wá. Mo máa ń dán sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, màá yọ èyí tó ti kú, màá sì jí èyí tó kàn ń tòògbé.

Àbúrò ìyá mi tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Súlè ti wà ní Bùwàké, ìlú kan ní Kodifuà, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti mú un lọ ní ọ̀dọ́. Àwo ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ọkọ ti kú, ó wá ku òun àti Súlè ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá wọn ni Ìyá Súlè àti ìyá mi kò ti fojú kan ara wọn, àwọn méjèèjì sì ti darúgbó. Ìbàdí Ìyá Súlè kò jẹ́ kó lè jókòó pẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, ká má tíì sọ ọ̀nà tó gba Gánà àti Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá. Àfi kó dùbúlẹ̀. Súlè ní ọkọ̀ háíbírììdì kan tí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé tẹ́ bí ibùsùn, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ti dákú. Ni ìyá mi bá pè mí. "Múdà, ìwọ lo mọ iṣẹ́ náà. Lọ tún ọkọ̀ yẹn ṣe, kí o fi gbé àbúrò mi wá, kí n rí i kí ọlọ́jọ́ tó dé." Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Anago

Ọ̀rọ̀ bọ́dà àti ti àwọn tó ń nawọ́ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Àárọ̀ ni mo wọ Bùwàké. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku pupa sì ti bo ewé gbogbo igi. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ni ìkíni. Obìnrin tó ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní gáà, bí wọ́n ṣe ń pe ibùdókọ̀ nìyẹn, kí mi káàbọ̀. Ọlọ́kadà tí mi ò tíì bá sọ̀rọ̀ kí mi káàbọ̀. Mo di ẹrù mi mú gírígírí, torí lọ́dọ̀ wa, ẹni tí o kò mọ̀ rí tó bá ń kí ọ tó báyẹn, ó ní ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ. Kò sẹ́ni tó gba ohunkóhun. Wọ́n kàn kí mi ni.

Súlè wá pàdé mi. Ọkùnrin gíga ni, irun funfun ti ń yọ ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, ó dìde, ó gbọn ara nù, ó sì da Yorùbá tó lú mọ́ Faransé bò mí.

"Bọ̀ọ̀dá Múdà, bonne arrivée, ẹ káàbọ̀! Kò rẹ̀ yín? Màmá ò sùn o, vraiment. Wọ́n ń retí yín láti àná."

Ọlọ́kadà tó dúró tì wá wo ẹnu wa. "Anago?" ló bi Súlè. Súlè rẹ́rìn-ín, ó gbà bẹ́ẹ̀. Ojú mi le, mo rò pé èébú ni. Súlè ní kí n fọkàn balẹ̀, pé orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá nìyẹn, kò ní ìkà nínú. Òun tí wọ́n bí síbẹ̀, tó ka ìwé wọn, tó ń lá àlá ní èdè wọn, Anago ni títí dòní. Mo rántí ìgbà tí wọ́n mú un wá sílé ní kékeré. "Ọmọ Kodifuà" la pè é títí tó fi lọ. Ìtìjú díẹ̀ mú mi lórí ọ̀kadà yẹn.

Àdúgbò Dúgúbà ni ilé wọn wà. Ìyá Súlè kò lè dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi láti orí ẹní. Mo dọ̀bálẹ̀, ó fà mí mọ́ra, ṣùgbọ́n kò bi mí ní nǹkan kan títí wọ́n fi gbé omi wá tí mo sì mu ún tán. Àṣà ibẹ̀ ni, omi ló ń ṣáájú ìròyìn. Nígbà tí mo gbé ife sílẹ̀, ó gbá ọwọ́ mi mú, ó ń yẹ ìka mi wò.

"Ìka Sàlámátù ẹ̀gbọ́n mi rèé," ló wí. "Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nígbà tí a jọ ń bó ẹ̀gẹ́."

Ó bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, mi ò tijú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè, ẹnu rẹ̀ sì kún fún Yorùbá tí ìyá ìyá mi ń sọ, èyí tí àwa ti gbàgbé. Ó bèèrè bóyá igi ìyeyè ẹ̀yìnkùlé ṣì ń so. Wọ́n ti gé igi náà kí n tó gbọ́njú. Ó bèèrè ẹni méjì kan tí mo mọ̀ ní ibojì nìkan. Mo ń dáhùn bí mo ti lè ṣe é, inú mi sì ń bàjẹ́, torí mo rí i pé ilé tó ń bèèrè lọ́wọ́ mi kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìyẹ́ adìyẹ

Ọgbà mẹkáníìkì ọ̀rẹ́ Súlè kan ní àdúgbò Nímbò ni wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà sí. Mo dé ibẹ̀, iná pupa oníhà mẹ́ta ń wò mí lójú dáṣíbọọ̀dù. Èèyàn péjọ, wọ́n fẹ́ wo Anago tó ń jí bátìrì.

Mo ní kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Pílọ́ọ̀gì aláwọ̀ ọsàn kan wà lára àpótí yẹn tó máa ń já iná inú rẹ̀ sí méjì. Mo yọ ọ́, mo tì í sínú àpò ṣòkòtò mi, kí ọlọ́gbọ́n-jù kan má baà dá a padà nígbà tí ọwọ́ mi bá ṣì wà nínú ọkọ̀. Mo wá jókòó, mo ní kí iná tó ṣẹ́kù kọ́kọ́ lọ. Iná ibẹ̀ kì í ṣe èyí tó ń gbọn ni lọ́wọ́ lásán, ó ń pa ni.

Fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí bátìrì ni mo kọ́kọ́ tú. Ìyẹ́ adìyẹ ló kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú.

"Súlè, kí ni ìyẹ́ adìyẹ ń ṣe níbí?"

Ó wolẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, mo máa ń fi kó adìyẹ láti Bróbò ẹ̀yìn ìlú wá sọ́jà. Un peu, un peu."

"Èyí kì í ṣe díẹ̀díẹ̀. Imú bátìrì lo dí. Ooru ló pa á."

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n fi òun náà rẹ́rìn-ín. Mo ṣí àpótí. Sẹ́ẹ̀lì tò sínú rẹ̀ bí búrẹ́dì tí wọ́n ti gé, àwọn irin pẹlẹbẹ tó so wọ́n pọ̀ sì ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé nítorí ọ̀rinrin. Nígbà tí Súlè ròyìn fún ìyá rẹ̀, ìyá fi ọsàn wẹ́wẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà ni òun fi ń dá àwo tó ti pọ́n padà sí funfun. Mo rẹ irin wọ̀nyẹn sínú omi rẹ̀, wọ́n sì mọ́ bí ojú ọmọ tuntun.

Mo fi mítà kan sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Iye tí mítà ń sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Inú Súlè dùn, ó ní gbogbo wọn ló pé. Mo ní kó fara balẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá jókòó láìṣiṣẹ́, gbogbo wọn ló ń jọ ara wọn, bí èrò Yídì tó wọ aṣọ ọdún, o kò lè mọ ẹni tébi ń pa. Ẹrù lo máa gbé rù wọ́n. Mo so gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń wo mítà. Ọ̀pọ̀ fara dà á. Àwọn mélòó kan wó lulẹ̀ lójú wa, gílóòbù ń ṣú bọ̀ bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Súlè kò rẹ́rìn-ín mọ́.

A rí bátìrì mìíràn lára ọkọ̀ tó ti forí gbá igi, mo ṣa sẹ́ẹ̀lì láti inú rẹ̀. Mi ò mú èyí tó lágbára jù. Èyí tí agbára rẹ̀ bá ti àwọn ìyókù mu ni mo mú, torí bí o bá fi ọ̀dọ́ sáàárín arúgbó, wọn kò ní lè jọ rìn, gbogbo wọn ni yóò sì jọ ṣubú. Mo to gbogbo wọn, mo fi pákó méjì há wọn mọ́ra, mo sì fi bóòtì àti nọ́ọ̀tì fún wọn pinpin, nítorí bí wọ́n bá ń gba iná láìsí ohun tó há wọn mọ́, wíwú ni wọ́n ń wú. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ku sùúrù. O máa fún wọn níná títí wọ́n á fi yó, o máa fà á jáde títí wọ́n á fi gbẹ, o tún máa fún wọn. Kò sí ẹni tó lè sáré sí i.

Ẹ ò tọrọ ọ̀nà

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ará Bùwàké fún ìgbà díẹ̀. Iná ń tàn, ṣájà mi ń ṣiṣẹ́, mi ò sì gbọ́ ohùn jẹnẹrétọ̀ kankan. Ẹ̀yin tó ń bèèrè, mi ò ní iná kì í lọ rárá, ṣùgbọ́n nígbà tó lọ, wọ́n bẹ̀ mí, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n pa á.

Gàrí ni mo kọ́kọ́ wá kiri. Àtíkẹ́ ni mo rí. Ẹ̀gẹ́ náà ni, wọ́n rin ín, wọ́n sè é lórí ooru, ó wá wà hóró-hóró. Wọ́n fi ẹja díndín lé e, wọ́n rẹ́ àlùbọ́sà àti ata tútù sí i. Mo bèèrè ṣíbí. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí, tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú mi, gba ṣíbí náà lọ́wọ́ mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó gbé e fún olóúnjẹ padà, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ hàn mí bí wọ́n ṣe ń kó o. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, mi ò fi ṣíbí jẹ ẹ́ mọ́. Ata wọn kò tó nǹkan, ẹ má dá wọn lóhùn bí wọ́n bá ń fọ́nnu.

Àwa Yorùbá tí à ń fi ìkíni yangàn, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àwọn kan jù wá lọ. Ní ọjọ́ kan a lọ kí aládùúgbò Ìyá Súlè. Wọ́n fún wa lómi, wọ́n gbọ́ ìròyìn, a ṣeré. Nígbà tó tó, mo dìde, mo ní ó dàbọ̀, mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Súlè sáré tẹ̀ lé mi.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò tọrọ ọ̀nà!"

"Ọ̀nà wo? Ọ̀nà tí ìjọba ṣe?"

Ó fà mí padà. Ó ní àlejò kì í dá lọ. Yóò tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ onílé, onílé yóò sì fún un ní ìdajì, yóò di ìdajì kejì mú, kí àlejò lè padà wá gbà á. Mo jókòó padà bí ọmọ iléèwé, mo tọrọ, baálé ilé fún mi ní ìdajì, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Èmi ni mi ò mọ̀.

Bí mo bá ti wọlé láti Nímbò, ọ̀rọ̀ kan ni Ìyá Súlè máa ń bi mí: "Ṣé ó ti jí?" Màá ní ó ń jí bọ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ó yọ àwo olódòdó tó dára jù lórí àtẹ fún ìyá mi, èyí tí kò tà fún ẹnikẹ́ni. Ó fọ aṣọ tó máa wọ̀ wọ ìlú, ó sá a, ó tún un fọ̀. Nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ ìyá mi, ohùn rẹ̀ a di ti ọmọdé.

Bróbò

Mo to sẹ́ẹ̀lì padà sínú àpótí, mo kó àwọn tó le jù sí àárín, torí ibẹ̀ ni ooru ti ń mú jù. Mo dá pílọ́ọ̀gì padà. Súlè tẹ bọ́tìnnì, iná pupa kò tàn. Èrò ọgbà pariwo.

Bátìrì tí o kò tíì fi rìn, ìyẹn kì í ṣe bátìrì, mo ní ká fi lọ sí Bróbò ká bọ̀. Ìyá Súlè ní òun náà ń lọ, òun ní ẹni tí òun gbọ́dọ̀ rí níbẹ̀. A tẹ́ tìmùtìmù sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó dùbúlẹ̀ lé e. Ọkọ̀ wọ̀nyí kì í dún nígbà tí wọ́n bá ń fi iná gbéra, a ti jáde ní ìgboro kó tó bèèrè pé, "Ṣé a ò tíì lọ ni?"

Màmá Akísì ni ẹni tó fẹ́ rí. Ìyá arúgbó ẹ̀yà Bàúlé ni, gígùn, tí kò ní eyín púpọ̀. Nígbà ogun wọn, tí ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa sá wá sílé, tí Ìyá Súlè kò rí ọ̀nà gbà, ọ̀dọ̀ obìnrin yìí ló sá sí. Oníbàárà ni wọ́n jẹ́ fún ara wọn tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ń ta àwo, èkejì ń ta iṣu. Èdè Jùlá tí wọ́n fi ń ná ọjà níbẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, Súlè ń túmọ̀ fún mi.

A mu omi. A sọ ìròyìn. Nígbà tó tó àkókò, Ìyá Súlè ní kí a gbé òun jókòó dáadáa, ó sì tọrọ ọ̀nà: ó fẹ́ lọ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i.

Màmá Akísì dìde. Ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀, mo rò pé kò fẹ́ jáde mọ́. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Mo fún ọ ní ìdajì," ló wí. "Ìdajì kejì ń bẹ lọ́wọ́ mi. Wá gbà á. Èmi kò ní kú kí o tó dé, ìwọ náà má kú sí ọ̀hún."

Ìyá Súlè na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó gbà á bí ẹni pé nǹkan wà nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò sunkún. Èmi ni mo jáde lọ wo táyà.

Bí a ti ń padà bọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: òun máa lọ sùn ti Sàlámátù títí wọ́n á fi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, òun á sì padà kí òjò tó dé. Mo mọ ohun tí ìyá mi ní lọ́kàn, kì í ṣe àbẹ̀wò, kí àbúrò rẹ̀ má padà mọ́ ni. Mo kàn ní, "Màmá, àjò kì í dùn kí onílé má relé."

"Òótọ́ ni," ló wí. "Èwo ni ilé nínú méjèèjì, Múdà?"

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a ó gbéra ni. A gbé ọkọ̀ wá sí iwájú ilé ní Dúgúbà. Àwọn aládùúgbò ń wò ó, ọlọ́jà ẹgbẹ́ Ìyá Súlè wá kí i. Òun fúnra rẹ̀ wà lórí ẹní lábẹ́ òrùlé, ó ń fi aṣọ di àwo ìyá mi kí wọ́n má baà ha ara wọn lára. Ọkàn mi kún fún ayọ̀. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jí òkú bátìrì mọ bó ṣe ń rí.

Súlè na ọwọ́ sí ọkọ̀ lójú gbogbo ènìyàn. "Bọ̀ọ̀dá, bátìrì yìí, ṣé á pẹ́?"

Mo dá a lóhùn bí mo ṣe ń dá gbogbo oníbàárà mi lóhùn. "Á gbé wa dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ti bíbọ̀, mi ò lè búra."

Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Bátìrì tí a tún ṣe kì í ṣe tuntun, ẹni tó bá sì búra fún un ti di onírọ́. Ohun tó wà nínú mi ni pé bí a bá délé, màá tún un ṣí lórí tábìlì ara mi, màá yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó padà. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ìyẹn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, kì í ṣeé kó.

Ọwọ́ Ìyá Súlè dúró lórí àwo. "Múdà, tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ẹ wo òmùgọ̀, mo tún rẹ́rìn-ín sí i.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù. Ó ń tú u jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń ká aṣọ, ó ń to àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ tún un dì ni.

"Màmá, kí ló dé?" ni Súlè bèèrè.

"Mi ò lọ mọ́. Ọkọ̀ tí kò lè dá mi padà, mi ò wọ̀ ọ́."

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ṣàlàyé: ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, mo máa tún un yẹ̀ wò nílé, kò sí ewu.

"Kí ló dé tí o kò sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan?"

"Ó fò mí, Màmá."

"Ó dára. Búra fún mi wàyí. Sọ pé á gbé mi padà, n ó sì di ẹrù mi."

Gbogbo ènìyàn ń wo ẹnu mi. Súlè ń wò mí bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Ẹ̀yin ará mi, mo wo ọkọ̀ náà. Mo mọ sẹ́ẹ̀lì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo mọ èyí tó ti rẹ̀ nínú wọn. Mi ò lè búra.

Nígbà tó rí i pé mi ò ní búra, ó fi ọwọ́ kàn mí lórí, kò bínú rárá, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́," ló wí. "Nígbà ogun, iṣu Akísì ni mo jẹ, ẹní rẹ̀ ni mo sùn lé, aṣọ rẹ̀ ni mo dà bora. Kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí, àfi kí n padà. Mo sì mọ Sàlámátù. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ lọ́hùn-ún, á ní Ọlọ́run ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, jókòó tì mí. Á ti rẹ̀ mí, n ó sì jókòó. Ẹ jẹ́ kó rí báyìí."

Súlè bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, ó bẹ̀ ẹ́ ní Faransé. Àwọn ọlọ́jà bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n má fi ẹ̀bẹ̀ pa òun. Nígbà tí ojú dá, mo wọlé lọ, mo rí i tó kọjú sí ògiri, ó ń fi aṣọ àjò náà nu ojú. Ó fẹ́ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò fẹ́ lọ.

Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ padà, èmi nìkan, pẹ̀lú àwo ìyá mi lórí ẹsẹ̀. Kí n tó kúrò, mo tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fún mi ní ìdajì.

Ilé

Ìyá mi ti kun yàrá. Ó ti ra bẹ́ẹ̀dì onígi kan tó ga díẹ̀, kí ẹni tí ìbàdí ń dùn lè dìde lórí rẹ̀ láìsí wàhálà. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Kò bú mi. Ó gba àwo, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e sórí pẹpẹ. Òun àti Ìyá Súlè ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ti ata àti ti òjò àti ti ọmọ ta ló gbéyàwó. Kò sí èyí tó dárúkọ ọkọ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Súlè pè mí. Ó ń kó èrò lọ sí Abijan báyìí, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò kó adìyẹ mọ́. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, bátìrì yín, pas de problème! Kò yọ mí lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!" Inú mi dùn, ìdùnnú oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní làákàyè. Mo gbé ìròyìn náà lọ bá ìyá mi nínú yàrá tó kùn, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ.

"Ó ń lọ, ó ń bọ̀?" ló bi mí.

"Ó ń lọ, ó ń bọ̀, Màmá."

"Ó ti rin ìrìn tó tó ti ibí?"

"Ó ti ju ti ibí lọ dáadáa."

Ó gbé aṣọ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu ojú bẹ́ẹ̀dì náà, ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì sùn sí.

"Irọ́ kékeré kan, Múdà," ló wí. "Irọ́ tí ì bá padà di òótọ́. O ò rí i pa fún mi."